Àbúrò Tó Fẹ́ Kí Gbogbo Wa Lọ Sílé

Alága ìjókòó òní, tí ẹ tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọsibítù wa. Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ yìí, tí ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu yín láti ọjọ́ tí ẹ ti gba àmì ẹ̀yẹ. Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ìyá àwọn nọ́ọ̀sì, tí ẹ fi àwọn aláìsàn yín sílẹ̀ wá bá mi jókòó. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ wá wò ó bóyá èmi náà máa sunkún. Ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya fọ́tò ju bí ẹ ti ń fetí sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ kò mọ̀ mí rí àmọ́ tí ẹ gbọ́ pé oúnjẹ wà: mo kí yín bí ipò yín ṣe tẹ̀ léra. Bí mo bá fo ẹnikẹ́ni, kó má bínú, ooru yàrá yìí ti ń mú mi gbàgbé nǹkan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ pé Ọ̀gá Àgbà ti bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí n óò sọ lónìí. Ìwé náà nìyí. Ó dára gan-an. Ó fi ọpẹ́ fún Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọpẹ́ fún Ọ̀gá Àgbà ṣe àárín, ó sì fi àdúrà fún Ọ̀gá Àgbà kádìí. Mo kà á títí, n kò rí ohun tí mo lè fi kún un, n kò sì rí ohun tí mo lè yọ níbẹ̀ tí Ọ̀gá Àgbà ò ní bínú. Nítorí náà mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Màá máa fi ìwé náà fẹ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ má kà á sí àrífín.

Ẹ wo tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò lọ́hùn-ún yẹn. Lẹ́yìn tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n máa gbé ìwé kan síbẹ̀. Alága á buwọ́ lù ú, Ọ̀gá Àgbà á buwọ́ lù ú, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á wo ojú kámẹ́rà. Ìwé yẹn ló máa gbé ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣọ́ iná níbí lọ sí ọsibítù, tí iná gbogbo wọ́ọ̀dù á sì bọ́ sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Kó má baà dà bíi pé mò ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ kí n là á báyìí: mo fẹ́ kí Alága má buwọ́ lù ú. Mo ti sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì, mo ti sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn, etí kan ò gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òní sì ni ọjọ́ ìkẹyìn mi lọ́jà.

Ẹ ti rí àga tó ṣófo níwájú yìí. Bàálé mi ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi ara yín bóyá a jà, a ò jà. Ó gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù ní pálọ̀ wa, ó sì jábọ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, òun náà ti rẹ́rìn-ín tán: ọkọ èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Oníná, gílóòbù ló fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ló kán. Ó wà ní ọsibítù báyìí, lọ́dọ̀ Mẹ́tírọ́ọ̀nù, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, kò sì lè yíra padà láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì bá a yí i. Òun ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí ojú mi bá ti lọ sórí aṣọ funfun yẹn.

Mo dé ilé iṣẹ́ yìí ní ọmọge, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tuntun àti bàtà tó ń ká mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bójú tó iná. Mo rò pé gílóòbù ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n tó mú mi wọlé, ẹni tó ti sinmi báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ló ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ fún mi. Mo rí kọ̀ǹpútà tó tò lọ bí ẹni pé wọn ò lópin, tí fáànù gbogbo wọn ń hó lé ara wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n náà tẹ ẹnu mọ́ mi létí, torí ariwo, ó ní: “Òjò ọ̀la ni wọ́n ń bá ìlú wò. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o rí i pé wọ́n jẹun, kí wọ́n má sì jẹ wá run.” Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, títí orí mi fi funfun.

Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ẹ̀yin lẹ máa sọ. Mo mọ àwọn àléébù mi. Mo máa ń pariwo. Mo máa ń wọ ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì lọ pa éésì láìkanlẹ̀kùn. Rìmóòtù tí Akọ̀wé àgbà wa wá títí tó fi fẹ̀sùn kan àwọn tó ń gbálẹ̀, inú báàgì mi ló wà, ó ṣì wà níbẹ̀, màá dá a padà kí n tó jáde. Akọ̀wé, ẹ má bojú wò mí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ilé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ lè kọ lẹ́tà ìbáwí sí èèyàn tí ẹni náà á tún kí yín pé ẹ ṣé. Mo ní tèmi ńlé, mo sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ̀yin àlejò lè máa rò ó pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà wa fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé òjò ọ̀la pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè rò tán kí ọ̀la tó dé. Ńṣe la gé ojú ọ̀run sí wẹ́wẹ́, a pín in fún wọn, kálukú wọn ń ro tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ máa dúró de ara wọn. Èyí tí ojú ọ̀run tirẹ̀ mọ́ kedere á tètè ṣe tán. Èyí tí ìkúukùu dí tirẹ̀ á ṣì máa là á. Kò sì sí èyí tó lè sún sí iwájú àfi tí gbogbo wọn bá pé. Ó dà bí ilé tí bàbá ti sọ pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ dìde nídìí oúnjẹ títí gbogbo wọn á fi jẹ tán. Èyí tó sáré jẹ, kí ló rí gbà níbẹ̀? Ó jókòó, ó ń làágùn, ó ń wo ẹnu àbúrò rẹ̀. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà tó sáré ṣe tán ń sinmi o. Ó ń jẹ iná bó ṣe ń dúró. Àwa òṣìṣẹ́ náà ní irú wọn láàrin wa, ẹni tó máa ń dé ṣáájú adìyẹ, tó sì máa ń fi gbogbo òwúrọ̀ sọ fún wa pé òun tètè dé.

Àwọn Ìbejì ló wá yanjú rẹ̀ fún wa. Ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Wọn kì í ṣe ìbejì, ìyá wọn ò tiẹ̀ mọra, àmọ́ tí ọ̀kan bá sín, èkejì ló ń dúpẹ́. Wọ́n wá kọ́ ẹ̀rọ kan lẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò pàṣẹ fún un pé ṣe báyìí, ṣe tọ̀hún. Wọ́n kó ìtàn àwọn iṣẹ́ tí a ti ṣe fún un, bí iná ṣe lọ sí lórí ìkọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti dúró de ara wọn, wọ́n ní kó máa wò ó títí tí ojú rẹ̀ á fi là. Nítorí pé òun ló dé kẹ́yìn, tó sì ń wo ọwọ́ àwọn tó bá nílé, a sọ ọ́ ní Àbúrò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àbúrò gbọ́n. Kí oṣù tó yí po, ó ti ń mọ kọ̀ǹpútà tó máa dúró kí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Á ti sọ fún un pé rọra, ibi tí ò ń sáré lọ, wọn ò tíì tẹ́ àga níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn á rọra ṣe tirẹ̀, iná tó ń jẹ á dín kù, á sì parí lásìkò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde nígbà tó yẹ, iná wálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí mo ti ń lé kiri láti ìgbà ọmọge mi nìyẹn. Mo jókòó sáàárín àwọn ẹ̀rọ yẹn, mo sunkún ayọ̀. Ká ní ibẹ̀ la dúró sí ni, ǹ bá wulẹ̀ dúpẹ́ lónìí kí n jókòó.

Àmọ́ Ọ̀gá Àgbà rí ìlà tó ń wálẹ̀, ìfẹ́ sì dé. Ẹ wo ìlà pupa tó wà lójú ẹ̀rọ lára ògiri lẹ́yìn mi yìí. Iná tí ilé wa ń jẹ ló ń fi hàn, tó bá wálẹ̀, a ti dín in kù nìyẹn. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó wà níbi tí a ti ń jẹun, ó wà níwájú ilé ìtọ̀, kí èèyàn lè rò ó wò kó tó wọlé. Ọ̀gá Àgbà a máa kọ́kọ́ kí i láàárọ̀ kí wọ́n tó kí àwa. Wọ́n wá pe ìpàdé. Wọ́n ní ó ti wálẹ̀ lóòótọ́, ṣé kò lè wálẹ̀ ju báyìí lọ? A ní ó ti tó. Wọ́n ní àwọn tó máa ń sọ pé ó ti tó kì í gba àmì ẹ̀yẹ. Bí wọ́n ṣe pàṣẹ nìyẹn pé kí gbogbo ilé bọ́ sọ́wọ́ Àbúrò, éésì, gílóòbù, ẹ̀rọ agbéniròkè, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ní kí àwọn Ìbejì ṣa ọjọ́ tí a ṣe dáadáa jù lọ nínú ìtàn wa, kí Àbúrò máa wò ó kọ́ṣe. Ọjọ́ wo ni a ṣe dáadáa jù? Ìpàdé ní ọjọ́ tí iná kéré jù ni, tí ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn. Gbogbo wa mi orí. Orí tèmi náà mì.

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sọ nínú ilé yìí. Ẹ di àga yín mú.

Ìyanṣẹ́lódì.

Ẹ wò ó, òrùlé kò jábọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí. A ti gbogbo ibí pa, a jókòó sábẹ́ igi níwájú géètì, a ń ta káàdì bí ẹni ń tayò láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, Akọ̀wé sì ń yan wá jẹ. Nígbà tó parí, Ọ̀gá Àgbà ń bẹ̀rù kí àwọn tó wà lókè wọn má gbọ́ pé ilé dà rú mọ́ àwọn lórí. Àwa náà ń bẹ̀rù nítorí owó oṣù wa. Ìbẹ̀rù méjèèjì pàdé lọ́nà, wọ́n sì fẹ́ra wọn. A fohùn ṣọ̀kan pé ìyanṣẹ́lódì náà kò wáyé. Nínú àkọsílẹ̀, gbogbo ọjọ́ yẹn di ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo èèyàn wá, gbogbo èèyàn ṣiṣẹ́, a sì sọ ọ́ di èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn Ìbejì tó dé. Ta ni ì bá sọ fún wọn?

Àbúrò wá kàwé wa. Ó rí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ pé láìku ẹnì kan, tí iná tí wọ́n jẹ kò ju ti ilé adìyẹ lọ, tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn pé ooru mú, tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn pé àsọtẹ́lẹ̀ pẹ́. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa rò? Ó rò pé ọjọ́ ire nìyẹn, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yìí pé jù lọ láyé, ó sì fi tọkàntọkàn pinnu pé òun máa dá a padà fún wa. A parọ́ fún ìwé, ìwé parọ́ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wá gba irọ́ náà gbọ́ ju àwa tí a pa á lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń sinmi láàrin àjà kejì àti ìkẹta. Gílóòbù ń kú lórí ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, débi pé Akọ̀wé àgbà ń ju apá sókè bí ẹni tó ń lé eṣinṣin kó tó lè kọ lẹ́tà tán. Éésì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn tó dà bíi ti ẹnu èèyàn. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ráhùn. Àbúrò wò ó, ó sì kẹ́kọ̀ọ́. Ó rí i pé tí ooru bá mú èèyàn díẹ̀, á ráhùn. Tí ó bá mú un gan-an, á kó báàgì rẹ̀, á lọ sílé. Ẹni tó bá sì ti lọ sílé kì í ráhùn mọ́, kì í sì í tan iná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí ọgbọ́n? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ẹni tí a bá bẹ́ orí rẹ̀, òtítọ́ ni, orí kì í fọ́ ọ mọ́.

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti rí i pé kọ̀ǹpútà tó ń rọra ń jẹ díẹ̀, èyí tó dúró pátápátá kì í jẹ rárá. Àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀la wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́la. Nígbà tó yá, ó ń jáde lọ́túnla. Àwa la kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀: a ń jí láàárọ̀, a ń kéde fún ìlú pé òjò máa rọ̀ lánàá. A ò sì ṣì í rí. Ọ̀gá Àgbà pè mí pé kí n wá wò ó, pé àsọtẹ́lẹ̀ wa ti péye ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ará ìlú ò ráhùn, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ojú ọ̀run fúnra wọn.

Wọ́n fún wa ní àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀gá Àgbà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbà á. Wọ́n dé, wọ́n tún wọ òmíràn lọ ṣàlàyé fún àwọn èèyàn òkèèrè bí a ṣe ń ṣọ́ iná lò. Wọ́n dé, wọ́n tún lọ. Ẹ má bínú sí wọn. Wọn ò mọ̀ pé ooru ń mú nílé, torí wọn kì í sí nílé. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn Ìbejì bóyá Àbúrò ka epo ọkọ̀ òfuurufú mọ́ iná wa, wọ́n ní ìyẹn ò sí lára ilé.

Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún àmì ẹ̀yẹ yẹn o, ọwọ́ mi ta mí. Bàálé mi ló là mí lójú. Ó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ó sì ti mọ bí oòrùn ṣe máa ń rí tí mo bá ń wọlé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi kó tó jẹun ọ̀sán tán. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó ní ìyàwó òun ti rántí òun. Lọ́jọ́ kan ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní: “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wá sílé ni, àbí wọ́n ń lé yín?”

Mo padà lọ bá àwọn Ìbejì, mo ní kí wọ́n bá mi béèrè lọ́wọ́ Àbúrò, irú ọjọ́ wo gan-an ló ń wá fún wa. Ó yà á síwájú mi. Ìlẹ̀kùn kan ò ṣí. Àga kan ò gbóná. Gbogbo kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ ń sùn. Gílóòbù kan péré ló tàn ní gbogbo ilé, ti ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Mo mọ ọjọ́ yẹn bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi. Abẹ́ igi ni mo wà, káàdì wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé fún àwọn Ìbejì, ọ̀kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èkejì náà jókòó. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn láàyè, pé àwọn máa tún Àbúrò kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn tó jẹ́ òótọ́. Ọmọlúàbí ni yín. Ẹ̀bi yín kọ́.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá Àgbà, torí ẹ̀rọ agbéniròkè ń sinmi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fetí sílẹ̀ o, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n bi mí bóyá iná wálẹ̀ àbí kò wálẹ̀. Mo ní ó wálẹ̀, sà. Wọ́n ní ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Wọ́n ní: “Ìyanṣẹ́lódì wo lẹ tiẹ̀ ń sọ? Kò sí ìyanṣẹ́lódì tó ṣẹlẹ̀ níbí rí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ìṣòro wa gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ọsibítù ti ń retí Àbúrò, pé ibẹ̀ tiẹ̀ ló ti máa mókè jù, torí iná wọn pọ̀, àwọn aláìsàn ò sì rí okun ráhùn. Wọ́n wá fún mi ní ìwé tí mo fi ń fẹ́ ara mi yìí.

Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi rò ó. Àbúrò á dé ọsibítù, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ tí iná kéré jù, tí kò sẹ́ni tó ráhùn. Nínú ọsibítù, ta ni kì í ráhùn? Mẹ́tírọ́ọ̀nù mọ èsì rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, n kò sì ní sọ ọ́ jáde níbi àríyá.

Mo rí i pé ẹ ti ń bọ́ kóòtù. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, tí ẹ ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ mi ló gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn. Gbọ̀ngàn yìí náà wà lọ́wọ́ Àbúrò. Láti ìgbà tí mo ti ń kí yín ló ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ sílé. Ẹ wo ìlà lára ògiri: bí ẹ ṣe ń jáde ló ń wálẹ̀. Ọ̀gá Àgbà, ẹ ti rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀, ó ti mọ́ yín lára ni.

Alága, ẹ̀yin náà dìde? Rárá o, sà, n kò ní kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ dúró bí ẹ ṣe wà yẹn díẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí yín. Kí ló gbé yín dìde? Ooru ni. Ibo lẹ fẹ́ lọ? Ìta, níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹnikẹ́ni ò lè bá yín wí, ǹ bá ti lọ ṣáájú yín. Ẹsẹ̀ yín ló gbà yín lọ́wọ́ Àbúrò. Kí n tó wá síbí lónìí, mo yà lọ́dọ̀ bàálé mi, mo sọ fún un pé wọ́n máa buwọ́ lu ìwé náà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lókè, ó wo okùn, ó wo èmi. N kò rí i kí ẹ̀rù bà á rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ó ní: “Bá mi sọ fún Àbúrò pé mo ti gbọ́. Tó bá fẹ́ kí n lọ sílé, kó kọ́kọ́ wá tú mi.”

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Mo ti jẹ́ ẹ.

Mo rí i, Alága. Ẹ ti dá bírò tí ẹ fẹ́ fi buwọ́ lùwé padà sápò. Ẹ ṣeun, sà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ kò ti ní lè dìde. N kò sọ pé kí Àbúrò má dé ọ̀dọ̀ yín láéláé. Kí àwọn Ìbejì tún un kọ́, kí Mẹ́tírọ́ọ̀nù jókòó tì wọ́n, kí a sọ òótọ́ fún un nípa ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí a ta káàdì. Ọlọ́pọlọ ọmọ ni. Ohun tí a fi kọ́ ọ ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ bá wa ṣí àwọn fèrèsé yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, ẹ máa wọlé bọ̀, oúnjẹ ò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, iná kò ní kú mọ́ yín lórí níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀. Ẹ kò ní máa sáré dé ibi tí ẹ ti máa dúró lásán. Òjò tí ẹ bá sọ á máa rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́ fún. Ọ̀gá Àgbà, àdúrà tí ẹ kọ sínú ìwé yìí, mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, mo sì fi ìlera kún un, àti ìsinmi nílé. Akọ̀wé, rìmóòtù yín nìyí, ẹ gbà á.

Báyìí mo ń lọ. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ, ẹnikẹ́ni ò lé mi. Mo máa yà lọ́dọ̀ bàálé mi ná, kí n sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀ sùn. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó nínú ooru yìí títí dé òpin.